Ọjọ́ Orí Kì í Jó Ọ̀fun: Àyẹ̀wò Ìpalára Àwọn Tó Gbé Kẹ́míkà Ajóni Mì ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáíkò

Àwọn akẹgbẹ́ wa kan ti fẹ́ sọ ọ́ di òfin pé ọjọ́ orí aláìsàn ló ń pinnu bí ọgbẹ́ inú rẹ̀ yóò ṣe jinlẹ̀ tó: ọmọdé, ọgbẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́, àgbà, ọgbẹ́ ńlá. Lóòótọ́, káàkiri àgbáyé, agbo méjì ni àwọn aláìsàn yìí sábà máa ń pín sí: àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, àti àwọn ọ̀dọ́ pẹ̀lú àgbà tí ayé sú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá torí èyí dá ọjọ́ orí lẹ́bi, ẹlẹ́rìí ló mú dè, ó fi ọ̀daràn sílẹ̀.

Ásíìdì àti kọ́sítíìkì kò ṣàjèjì sí òǹkàwé wa. Kọ́sítíìkì a máa yọ́ ẹran ara wọnú lọ. Ásíìdì a máa sè é di èèpá. Zargar àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Íńdíà fi ẹ̀rọ wo inú ọ̀fun aláìsàn 81, wọ́n sì gbé òṣùwọ̀n ìjìnlẹ̀ ọgbẹ́ wọn jáde ní 1991, láti 0 dé 3b. Àwọn tí ọgbẹ́ wọn kò kọjá 2a jiná láìní àpá. Púpọ̀ nínú àwọn 2b, àti gbogbo àwọn ipele 3 tó yè é, ni àpá mú. Ohun tí ojú rí nìkan ni òṣùwọ̀n náà ń kà. Kò béèrè ọjọ́ ìbí ẹnikẹ́ni.

Ní ti èrò ọkàn ẹni tó gbé e mì, ìwé ilé ìwòsàn sábà máa ń kọ méjì péré: ṣèèṣì tàbí mọ̀ọ́mọ̀. Èdè wa mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo rí mẹ́ta: àtọ́wò, àṣìmu, àmọ̀ọ́mọ̀mu. Ọmọ tó ń rákò tó mú ẹ̀kúfọ́ kọ́sítíìkì tí ìyá rẹ̀ fẹ́ fi ṣe ọṣẹ, ó tọ́ ọ wò ni. Kóró náà lẹ̀ mọ́ ètè àti ahọ́n, ìrora sì mú kó tu ú dànù. Bí ó bá jẹ́ olómi ni, ọ̀rọ̀ yàtọ̀, nítorí olómi kì í dúró lẹ́nu. Ẹnu lè mọ́ tónítóní kí ọ̀fun sì ti jó. Àmọ̀ọ́mọ̀mu kò nílò àlàyé: ife ni wọ́n ń dà kanlẹ̀.

Àṣìmu gan-an ló tú àríyànjiyàn àwọn akẹgbẹ́ wa palẹ̀. Láti Ìyànà-Ìbà dé Alábà, ibi tí bátìrì àti ínfátà ti ń tà bí iyán, ásíìdì bátìrì a máa wọ inú ike tí omi mímu ti wà rí. Òùngbẹ kì í jẹ́ kí ènìyàn tọ́ nǹkan wò kó tó gbé e mì. Ọmọ ọdún 10 lè ṣi í mu, ọ̀gá rẹ̀ lè ṣi í mu, ẹ̀kún ẹnu kan náà ni. Níbo ni ọjọ́ orí wà níbẹ̀? Ìwọ̀n tó wọlé àti irú ohun tó jẹ́ ló ń ṣiṣẹ́.

Ìṣòro kan wà nínú ìpín mẹ́ta yìí. Òfin ọ̀daràn àtijọ́ ilẹ̀ wa fi ẹ̀wọ̀n ọdún 1 sórí ẹni tó gbìyànjú láti pa ara rẹ̀. Òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti yí tirẹ̀ padà sí ìtọ́jú nílé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù àti ìtìjú kò ka ìwé òfin. Kò níí yà mí lẹ́nu bí ọ̀pọ̀ «ó ṣi í mu ni» tí ẹbí ń sọ bá jẹ́ ohun mìíràn.

Nítorí náà, n kò ní sọ pé ọjọ́ orí kò níṣẹ́ rárá. Ó lè jẹ́ pé òjìji èrò ọkàn ni, tí èrò ọkàn fúnra rẹ̀ jẹ́ òjìji ìwọ̀n. Kí àwọn akẹgbẹ́ wa tó fẹ́ sọ ọ́ di òfin tún un wò.

Ike omi tí ásíìdì ń wọ̀ náà ló wá gbà mí lọ́kàn báyìí. Ní Amẹ́ríkà, dókítà Chevalier Jackson jà títí tí òfin 1927 fi pàṣẹ pé kí àkọlé ìkìlọ̀ wà lára agolo kẹ́míkà ajóni. Ní Ọ̀jọ́, Àwórì, Ègùn, Ìgbò àti Haúsá jọ ń nájà. Bí ohun náà bá ti kúrò nínú agolo tirẹ̀, orúkọ tí ẹnu pè é nìkan ni àkọlé tó kù. Mo ti ń kó àwọn orúkọ náà jọ. Èyí tí mo kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ ni «omi bátìrì». Omi ni wọ́n pè é.