Gìtá Àtijọ́: Ogún Tó Yẹ Ká Kọ Ìtàn Rẹ̀ Sílẹ̀

Òkun ló gbé gìtá wá bá wa. Àwọn atukọ̀ ọmọ Krù láti Làìbéríà, tí wọ́n ń bá ọkọ̀ òyìnbó ṣiṣẹ́ káàkiri etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, máa ń fi àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e nìkan ta okùn rẹ̀. Ní Èkó, àwọn olórin ilé ẹlẹ́mu kọ́ ọ, wọ́n sì dá tiwọn lé e. Ní 1936, Túndé King kọ orin jùjú sínú àwo fún Parlophone. Ní 1937, Àyìndé Bákàrè náà bẹ̀rẹ̀ àwo ṣíṣe.

Ohùn gìtá ìgbà náà ò lọ jìnnà. Bí gángan bá ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó parí. Ní nǹkan bí 1949 ni Bákàrè so tirẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ agbóhùnsókè. Láàárín ìgbà kan náà, Bobby Benson ń fi gìtá oníná dá ará Èkó lára yá. Láti ìgbà náà, ìlù lè pọ̀ títí, okùn á ṣì máa fọhùn. Ohun tó jẹ́ kí Ebenezer Obey àti Sunny Adé lè to gìtá bíi mélòó kan pọ̀ nìyẹn, tí kálukú wọn ní iṣẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí àwo Juju Music ti Sunny Adé jáde ní 1982, gbogbo ayé gbọ́ wa.

Ní Amẹ́ríkà, gìtá ogbó ti di ohun ìṣúra. Ilé-iṣẹ́ CBS ra Fender, tó ń ṣe gìtá, ní 1965, àwọn olùkójọ sì ń wá èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún náà lójú méjèèjì. Gibson Les Paul aláwọ̀ oòrùn-wọ̀ ti 1958 sí 1960 ń gba owó tó lè kọ́ ilé. Pákó tó ti gbẹ dáadáa àti bí gìtá wọ̀nyí ṣe ṣọ̀wọ́n wà lára ohun tó ń fa àwọn olùkójọ mọ́ra, àmọ́ ẹ̀rí tún ṣe pàtàkì: nọ́ńbà ara rẹ̀, ìwé ìrajà, fọ́tò ẹni tó ta á.

Ẹ̀rí yìí ni tiwa ṣaláìní. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ ní 1986, ohun èlò orin wọ́n, bọ́tìnnì kíbọ́ọ̀dù sì gba ipò okùn nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ olórin. Lónìí, ẹni tó ń wá gìtá ní Ìbà tàbí Okókomáìkò, ọjà Alábà ní Ọ̀jọ́ ló máa kọ́kọ́ gbà lọ. Tòkunbọ̀ tó bá rí níbẹ̀ lè ti dàgbà ju ẹni tó ń tà á lọ, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti wá.

Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, wà ní Ọ̀jọ́ kan náà láti 1983. Mo fẹ́ kí wọ́n ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún gìtá jùjú àti gìtá háíláìfù, kí ìtàn ọ̀kọ̀ọ̀kan wà lára rẹ̀. Ẹ̀yin tí gìtá bàbá yín ṣì wà lórí àjà, ẹ dẹ okùn rẹ̀, ẹ gbé e kúrò níbi ọ̀rinrin àti ikán. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó ta á, ẹgbẹ́ tó bá ṣeré àti ọdún rẹ̀ sílẹ̀. Àgbà olórin onígìtá, Fatai Rolling Dollar, pẹ́ láyé títí di 2013 kó tó lọ. Àwọn ẹlẹ́rìí ìgbà rẹ̀ kò pọ̀ mọ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn nísinsìnyí.