Ọfà olóògùn: ṣé ẹran tó dákẹ́ ti sùn ni?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìtàn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ó gùn díẹ̀ o, ẹ fìdí kalẹ̀, kẹ́ ẹ sì wá nǹkan panu.

Lọ́dún 1814, nílùú Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n fi oró ọfà sí abo kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan léjìká. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 lẹ́yìn náà, ó ti ṣubú, kò mí mọ́. Lójú ẹni tó bá ń wò ó, ó ti kú. Ni wọ́n bá la gògòńgò rẹ̀, wọ́n ki ẹnu ẹwìrì bọ̀ ọ́, wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ bí ẹni ń fẹ́ná nílé alágbẹ̀dẹ. Lẹ́yìn wákàtí méjì, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ gbórí sókè, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Wọ́n dáwọ́ ẹwìrì dúró, ó tún ṣubú. Wọ́n bá tún fẹ́ ẹ fún wákàtí méjì mìíràn. Ó dìde, ó rìn.

Wouralia ni wọ́n sọ ọ́, látinú orúkọ oró náà, wourali. Ó jẹ koríko lóko ọ̀gbẹ́ni kan ní Yorkshire títí di 1839. Ọdún 25 lẹ́yìn "ikú" rẹ̀!

Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìbéèrè kan ò jẹ́ kí n sùn. Ní gbogbo ìgbà tó fi nà gbalaja sílẹ̀ yẹn, ṣé ó sùn ni, àbí ó wà níbẹ̀, tó ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ?

Àríyànjiyàn ló gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀rẹ́ mi kan ló ní òun gbọ́ pé àwọn ọdẹ kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fi oògùn oorun sẹ́nu ọfà, kí ẹran lè sùn lọ láìjẹ̀rora. "Àánú kọ́ nìyẹn ni? Ṣebí ó sàn ju kó máa gbé ọfà sá kiri inú igbó lọ." Mo gbà fún un. Nígbà tó yá, mo lọ wádìí orúkọ oògùn náà. Succinylcholine ni. Ìtàn ni mo kà ní yunifásítì, mi ò kà nípa ìṣègùn, nítorí náà mo pe àǹtí mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní yàrá iṣẹ́ abẹ. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé oògùn oorun nìyí?

Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Oorun kẹ̀? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ? Tá a bá fún èèyàn nìyẹn nìkan, gbogbo ohun tó ń lọ ló máa mọ̀. Kò kàn ní lè pariwo ni."

Ara mi bù máṣọ. Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn.

Àwọn Macushi, tí ilẹ̀ wọn wà ní ibi tí à ń pè ní Guyana lónìí, wà lára àwọn tó mọ oró yìí sè. Èèpo àjàrà igbó ni wọ́n ń sè títí yóò fi ki, tí yóò dúdú. Curare ni orúkọ tí ayé wá mọ̀ ọ́n sí. Ìdí tí àwọn ọdẹ ibẹ̀ fi fẹ́ràn rẹ̀ yé mi dáadáa. Ọ̀bọ tí ọfà lásán bà lókè téńté igi lè di ẹ̀ka mú títí tí yóò fi kú síbẹ̀. Ta ló máa gùn ún lọ? Oró yìí ń tú ọwọ́ ọ̀bọ, ọ̀bọ á sì já bọ́. Ẹni tó bá jẹ ẹran náà ò ní kú, torí curare tí èèyàn gbé mì ò fi bẹ́ẹ̀ rí ọ̀nà gba inú ikùn wọ ẹ̀jẹ̀. Ẹran ọbẹ̀ ni wọ́n ń wá, wọ́n sì ń rí i.

(Àwa náà ò kẹ̀rẹ̀ o. Àjàrà kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Strophanthus, èso rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọdẹ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, títí kan Nàìjíríà, ń fi ṣe ọfà olóró. Ìyẹn kì í mú ara rọ, ọkàn ló ń dá dúró. Irú rẹ̀ kan ló kó sára búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín John Kirk, tó bá Livingstone rin ìrìn àjò Zambezi. Kirk fọ eyín tán, ó rí i pé ìlùkìkì ọkàn òun ti yí padà. Ibẹ̀ ni àwọn òyìnbó gbà dé ìdí oògùn ọkàn kan. Ìtàn ọjọ́ mìíràn nìyẹn.)

Charles Waterton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ni oko tí Wouralia ti jẹko. Ọdún 1812 ló wọ inú igbó lọ dé ọ̀dọ̀ àwọn Macushi láti wá oró yìí. Nínú ìwé ìrìn àjò tó gbé jáde lọ́dún 1825, ó ní oró náà ń pa ẹran jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ẹran ò jẹ ìrora kankan rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ di "bí ẹni pé" yẹn mú. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ni pé ẹran ò jà, kò sì ké. Ìta ló wò tó fi sọ ti inú.

Claude Bernard, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló tú àṣírí náà. Ó fi àkèré dán an wò, ó sì rí i pé curare ò pa ìmọ̀lára, kò sì ba ẹran ara jẹ́. Ibi tí iṣan tó ń gbé àṣẹ wá ti ń fọwọ́ kan ẹran ara ló ń dí pa. Ẹ rò ó bí ẹni tó gé wáyà láàárín òpó NEPA àti ilé yín: iná wà lórí òpó, gílóòbù ò jó, síbẹ̀ ilé ṣókùnkùn biribiri. Lọ́dún 1864, Bernard kọ ọ́ pé lẹ́yìn ikú tó dà bí oorun yìí, ìmọ̀lára àti làákàyè ṣì wà nínú ara tí kò gbọ́ràn mọ́, àti pé ìyà inú rẹ̀ burú ju ohun tí èèyàn lè fọkàn rò. Ohun tó sì ń bí mi nínú sí bàbá yìí ni pé òun fúnra rẹ̀ ń lo curare fún ẹran nínú iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀.

Ariwo irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì débi pé wọ́n ṣe òfin lọ́dún 1876 lórí ìwà ìkà sí ẹranko. Òfin yẹn dárúkọ curare, ó sì sọ gbangba pé wọn ò gbọdọ̀ kà á sí oògùn tó ń pa ìmọ̀lára. Ẹ tún ọdún yẹn wò: 1876. A ò tíì ní iná mànàmáná ní Èkó nígbà yẹn, àwọn aṣòfin ti mọ̀ pé ìdákẹ́ kì í ṣe oorun.

Àwa èèyàn ṣá, a máa ń gbàgbé. Ní January 1942, ní Montreal, Harold Griffith àti Enid Johnson lo curare nínú iṣẹ́ abẹ. Wọ́n kọ́kọ́ kun aláìsàn lóorun ná, wọ́n wá fi curare dẹ ikùn rẹ̀ kí abẹ lè rí iṣẹ́ ṣe. Iṣẹ́ ńlá ni, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló ti gbà là láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn dókítà kan bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bóyá curare nìkan tó. Ṣebí aláìsàn ò mira, kò sì ké?

Scott Smith, dókítà tó ń kun aláìsàn lóorun ní Utah, ní kí wọ́n dán an wò lára òun. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ oògùn inú curare láìfi oògùn oorun kankan sí i. Gbogbo ara rẹ̀ rọ, kò lè mí fúnra rẹ̀, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń bá a mí. Nígbà tí ara rẹ̀ padà bọ̀ sípò, ó ròyìn ohun tí wọ́n sọ àti ohun tí wọ́n ṣe sí i lára. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n lára títí kan ìrora. Wọ́n tẹ ìròyìn yẹn jáde lọ́dún 1947. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹlẹ́ran ara tó ti débẹ̀ rí ló ń sọ ọ́, kì í ṣe àkèré.

Succinylcholine ọ̀rẹ́ mi ńkọ́? Lọ́dún 1906, Reid Hunt àti ẹnì kejì rẹ̀ dán an wò lára ẹran, wọn ò sì mọ̀ pé ó ń mú ara rọ. Kí ló fà á? Curare ni wọ́n ti fún àwọn ẹran náà tẹ́lẹ̀, ara wọn ti rọ kó tó dé! Ọdún 1949 ni Daniel Bovet wá fi agbára rẹ̀ hàn, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1957 fún iṣẹ́ tí èyí wà lára rẹ̀. Oògùn yìí ń yára ju curare lọ. Ìṣẹ́jú kan péré tó, ara ti rọ. Ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ sì ń fọ́ ọ dànù láìpẹ́.

Ọ̀nà wo ló wá gbà dé ẹnu ọfà?

Ọdẹ ọlọ́fà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ láàárín àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1911, ọkùnrin ẹ̀yà Yahi kan tí wọ́n pè ní Ishi jáde wá ní California. Wọ́n ti pa àwọn èèyàn rẹ̀ tán, òun nìkan ló kù. Saxton Pope, dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀, kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ọrun àti bí wọ́n ṣe ń ta ọfà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ishi kú lọ́dún 1916, Pope sì kọ ìwé lórí ọdẹ ọlọ́fà lọ́dún 1923. Láti ibẹ̀ ni iná náà ti tún ràn. Lọ́tẹ̀ yìí, ebi kọ́ ló ń lé ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ sígbó. Fàájì ni, iyì ni.

Ìṣòro kan wà níbẹ̀. Ọfà kì í pa ẹran bí ìbọn. Ó ń gé nǹkan nínú ni, ẹ̀jẹ̀ ń dà, ẹran á sì sá lọ. Bí ọfà bá yẹ̀ díẹ̀, àgbọ̀nrín lè sá wọ igbó kìjikìji pẹ̀lú ọgbẹ́ tí yóò máa jẹ ẹ́ níyà fún ọjọ́ mélòó kan. Lọ́dún 1989, Adrian Benke, tóun náà jẹ́ ọdẹ ọlọ́fà, kọ ìwé kan tó fi sọ fáwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹran tí ọfà ṣá tí kò rí pa ni wọ́n ń sẹ́ jù.

Torí èyí làwọn kan ṣe gbé pọ́ọ̀dù dé. Àpò rọ́bà kékeré ni, ẹ̀yìn irin ẹnu ọfà ló ń wà, ìyẹ̀fun succinylcholine sì wà nínú rẹ̀. Bí ọfà bá ti ń wọlé, awọ ẹran á ti rọ́bà náà sẹ́yìn, oògùn á bọ́ sínú ọgbẹ́. Kì í pẹ́ tí àgbọ̀nrín á fi wó lulẹ̀. Ìpínlẹ̀ Mississippi ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n jù. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ mìíràn ló fòfin de ọfà olóògùn.

Nígbà tí mo ń ka àwíjàre tọ̀tún tòsì, ohun kan ń yà mí lẹ́nu. Ẹni tó ń gbè é lẹ́yìn ní ẹran ò ní sọnù mọ́. Ẹni tó ń takò ó ní yóò sọ ọdẹ di ọ̀lẹ, ẹni tí kò mọ ọfà ta á máa ta á káàkiri, àti pé bí ọdẹ bá fi ọfà náà ya ara rẹ̀ nínú igbó, ta ló máa bá a mí? Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọdẹ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ lára Smith ńkọ́?

Ẹ lè ní, kí ló dé tí wọn ò lo oògùn oorun gidi? Ó wà o. Òun làwọn dókítà ẹranko ń fi sínú abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń yìn lu ẹran tí wọ́n fẹ́ tọ́jú. Ṣùgbọ́n ó máa ń gba ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó mú ẹran, ẹran á sì ti sá jìnnà. Yàtọ̀ síyẹn, oògùn náà ń wà nínú ẹran, ẹni bá jẹ ẹ́ á jẹ oògùn mọ́ ọn. Èyí tí ẹran rẹ̀ ṣeé jẹ gan-an ni èyí tí kì í kunni lóorun. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹran ní Amẹ́ríkà, AVMA, sì ti sọ pé irú oògùn amárarọ bẹ́ẹ̀ nìkan kò bójú mu láti fi pa ẹran.

Mi ò ní purọ́ fún yín, mò ń jẹ ẹran. Bí wọ́n bá ní kí n yàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ẹran ò fi rí èémí mí àti ọjọ́ mẹ́ta pẹ̀lú ọfà nínú ikùn, màá yan ìṣẹ́jú díẹ̀ fún un. Ó lè jẹ́ òótọ́ pé ìyẹn ló kéré jù nínú ibi méjèèjì. Èyí tí mi ò gbà ni kí wọ́n máa pè é ní oorun. Ẹni tó bá fẹ́ ta ọfà náà, kó tà á pẹ̀lú ìmọ̀ pé ẹran tó wà nílẹ̀ yẹn lè máa wò ó.

Mo sọ gbogbo èyí fún ọ̀rẹ́ mi. Ó dákẹ́ títí, ó wá ní, "Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ yẹn ńkọ́, nígbà tí wọ́n dáwọ́ ẹwìrì dúró lẹ́ẹ̀kan yẹn?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ọmọ ọdẹ, mo fẹ́ gbọ́ tiyín nísàlẹ̀: bí ẹran bá fara gbọgbẹ́, tó sá, tílẹ̀ sì ti ń ṣú, kí ni bàbá yín máa ń ṣe?