Iṣẹ́ Abẹ́rẹ́, Agbádá àti Kíjìpá Ìyá Mi

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́! Ọ̀kan nínú yín fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi: àwọn obìnrin Masidóníà ní abúlé Galičnik, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìgbéyàwó ìbílẹ̀ nínú oṣù Keje. Wọ́n fi òwú aláwọ̀ kọ ọnà sí apá àti etí ẹ̀wù wọn, pupa ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Láyé àtijọ́, ọmọbìnrin fúnra rẹ̀ ni í máa kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó relé ọkọ. Ìbéèrè tó tẹ̀ lé àwòrán náà ni pé, "Prof, àwọn ìyá tiwa ní Ìbàràpá ńkọ́? Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ tiwọn dà?"

Mo dáhùn wéré pé kò sí. Mo yára jù.

Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ wà nílẹ̀ wa, àmọ́ ara ẹ̀wù ọkùnrin ló wà. Ẹ wo àyà agbádá ńlá. Ọ̀dọ̀ àwọn Hausa àti Nupe ni ọnà yẹn ti sọ̀ kalẹ̀ wá. Hausa ń pe ọ̀kan nínú wọn ní aska takwas, ìyẹn ọ̀bẹ mẹ́jọ, nítorí àwọn ẹnu ṣóńṣó tó wà lára rẹ̀. Ọkùnrin ló ń kọ ọ́, ọkùnrin náà ló ń wọ̀ ọ́. Ìró obìnrin ò ní àyà tàbí ọrùn tí wọn ó kọ nǹkan sí. Inú híhun ni ẹwà rẹ̀ ti ń wá.

Bí ẹ bá dúró ní Igbó-Ọrà, Ìsẹ́yìn wà níhà àríwá yín, Abẹ́òkúta wà níhà gúúsù. Ìsẹ́yìn ló ni ẹtù, sányán àti àlàárì, tí àwọn ọkùnrin ń hun lórí òfì tẹ́ẹ́rẹ́. Abẹ́òkúta ló ni àdìrẹ, tí wọ́n ń ṣe sára aṣọ funfun tó ti òkè òkun wá. Gbogbo ayé ló mọ méjèèjì. Kíjìpá là ń gbàgbé.

Inú ilé ni wọ́n ti ń hun kíjìpá. Òfì tirẹ̀ a dúró gbọọrọ mọ́ ògiri, obìnrin a jókòó síwájú rẹ̀. Òwú oko ọkọ rẹ̀ tàbí ti ara rẹ̀ ni, òun ló ranwú, aláró ló fi èlú rẹ ẹ́. Aṣọ náà fẹ̀, ó nípọn, kì í tètè gbó; àwọn àgbà tilẹ̀ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé aṣọ ọ̀lẹ ni. Wọn a gán awẹ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀, ó di ìró.

Ní 1902 ni àwọn oníṣòwò dá British Cotton Growing Association sílẹ̀ ní Manchester, wọ́n sì ń wá òwú kiri ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn ahunṣọ wa máa ń san ju iye tí òyìnbó ń san lọ, nítorí náà òwú púpọ̀ ò dé ọkọ̀ ojú omi. (Mo máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá rántí èyí.) Aṣọ olówó pọ́ọ́kú láti òkè òkun àti òwú tí ẹ̀rọ ti ran tán ló padà gba ọjà lọ́wọ́ kíjìpá. Àwọn ọmọbìnrin tó yẹ kó jókòó ti òfì sì ti lọ síléèwé.

Èrúwà ni ìyá ìyá mi ń gbé, òfì rẹ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí mo ń ṣe ìwádìí, mo gbé téèpù dání lọ bá àwọn baálẹ̀, mo ń bi wọ́n ní ìtàn ogun. Ẹ̀gbẹ́ òfì yẹn ni mo ń gbà jáde láràárọ̀. Mi ò bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Nígbà tó kú, wọ́n fi igi òfì náà dáná ìsìnkú. Mo jẹ nínú oúnjẹ ọjọ́ náà, ó tiẹ̀ dùn mọ́ mi lẹ́nu.

Àbọ̀ ìró kan ló kù lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn tí mo ti dáhùn pé kò sí, mo lọ yọ ọ́ nínú àpótí, mo yí i padà. Láàárín awẹ́ méjèèjì ni ojú ìgán rẹ̀ wà, wẹ́wẹ́, wọ́n sún mọ́ra wọn débi pé èékánná mi ò ráyè wọ àárín wọn. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bi mí.