Èwo ni Ojúlówó? Àkíyèsí lórí Ìtàn Alùpùpù Bantam àti Àtúntò Rẹ̀

Ó ṣeé ṣe kí ó ya àwọn kan lẹ́nu pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ lítíréṣọ̀ dìde láti sọ̀rọ̀ nípa alùpùpù. N kò ṣìnà. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń kọ́ni bí a ṣe ń fi ẹ̀dà ewì wé ẹ̀dà ewì, kí a lè mọ èyí tí ó súnmọ́ ohun tí akéwì sọ ní tòótọ́. Ní ọdún 2021, nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí tún alùpùpù bàbá mi tò ní ẹ̀yìnkùlé mi ní Ìbàdàn, ìbéèrè kan náà ni mo bá pàdé, àfi pé irin ni ó wà lọ́wọ́ mi lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe ìwé.

Alùpùpù náà ni èyí tí ilé-iṣẹ́ BSA ti ìlú Birmingham ń pè ní Bantam, irú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, tí a mọ̀ sí D1. Bàbá mi rà á ní ọdún 1954. Olùkọ́ ni wọ́n. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, tí ilé-ẹ̀kọ́ ń hù káàkiri bí olú, iṣẹ́ wọn di ti alábẹ̀wò, wọ́n sì ń ti abúlé kan bọ́ sí òmíràn ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Àwòrán àkùkọ kékeré kan wà lára táńkì rẹ̀, nítorí pé orúkọ irú adìẹ kan tí kò tóbi ṣùgbọ́n tí ó láyà ni Bantam. Láti èbúté Banten ní erékùṣù Java ni orúkọ náà sì ti wá. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kò mọ Java. Tíṣà Alákùkọ ni wọ́n ń pe bàbá mi. Wọ́n gùn ún títí di ọdún 1976 tí wọ́n fi ra Yamaha. Láti ìgbà náà ni Bantam ti wà lábẹ́ páànù lẹ́yìn ilé ìdáná wa, tí àwọn adìẹ gidi sì ń yé ẹyin sí abẹ́ rẹ̀.

Bàbá kan tí wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí wọ́n kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì nígbà tí alùpùpù àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣì pọ̀ ní títì wa, ni wọ́n gbà láti ràn mí lọ́wọ́. Òfin wọn kò ju ẹyọ kan lọ: “Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ má tú ohun tí ẹ kò bá tíì mọ ibi tí ó ń gbé.” Nítorí náà a ya fọ́tò gbogbo ojú rẹ̀, a so ìwé pélébé mọ́ irin kọ̀ọ̀kan, a sì kó nọ́ọ̀tì àti bóòtù sínú agolo mílíìkì, agolo kan fún apá kan. Èyí tí ó ti dípẹtà, a rọ kẹrosíìnì lé e lórí, a sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, nítorí ẹni tí ó bá fi agbára tú u yóò já a sínú ni. Sípánà kò tilẹ̀ kọ́kọ́ bá a mu. Ìwọ̀n mìlímítà ni àwọn mẹkáníìkì wa ń lò lónìí, ṣùgbọ́n ìwọ̀n àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni nọ́ọ̀tì Bantam. Bàbá ní láti lọ tú àpótí irinṣẹ́ tí wọn kò ti ṣí láti ọjọ́ pípẹ́.

Nígbà tí a ṣí sílíńdà ni ọ̀rọ̀ di ti ìwádìí. Bí a bá yọ jíjẹ tí irin ti jẹ kúrò, mìlímítà 52 ni ìbú ihò rẹ̀, mìlímítà 58 sì ni ìrìn písítìn nínú rẹ̀. Kí ni ilé-iṣẹ́ tí ó ń fi ínǹṣì wọn nọ́ọ̀tì ń fi mìlímítà tí kò lé tí kò dín ṣe nínú ikùn ẹ́ńjìnnì? Ẹni tí ó bá ti ka ìwé tí a túmọ̀ yóò mọ irú àmì bẹ́ẹ̀. Bí ó ti wù kí olùtumọ̀ gbówọ́ tó, gbólóhùn kan yóò wà tí yóò ṣì máa fọ èdè ìyá rẹ̀.

Ìlú Zschopau ní Saxony, ní ilẹ̀ Jámánì, ni a ti bí ẹ́ńjìnnì náà. Ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ DKW wà, èyí tí Jørgen Skafte Rasmussen, ọmọ ilẹ̀ Denmark, dá sílẹ̀. (Ọ̀kan nínú òrùka mẹ́rin tí ẹ ń rí ní iwájú ọkọ̀ Audi, ti DKW ni, ọdún 1932 ni ilé-iṣẹ́ mẹ́rin para pọ̀ di Auto Union.) Irú ẹ́ńjìnnì tí a ń da ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù rẹ̀ ni wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Kò ní fáàfù. Písítìn fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣí ihò, tí ó sì ń dí i, bí ó ti ń lọ sókè tí ó ń bọ̀ nísàlẹ̀. Àléébù rẹ̀ àtijọ́ ni pé epo tuntun a máa bá èéfín jáde láìjó. Ará Jámánì kan, Adolf Schnürle, ni ó wá ojútùú sí i láàárín àwọn ọdún 1920. Ó la ihò méjì ní ìdagun sí ẹ̀gbẹ́ sílíńdà, tí epo tuntun fi ń kọlu ògiri ẹ̀yìn, tí ó ń gòkè, tí ó sì ń yípo padà láti lé èéfín jáde níwájú rẹ̀. DKW gba àṣẹ láti lo ọgbọ́n yìí. Ní ọdún 1939, wọ́n fi í sínú alùpùpù kékeré tí wọ́n pè ní RT 125, iṣẹ́ ọpọlọ ẹnjiníà wọn, Hermann Weber.

Ogun parí ní ọdún 1945, àwọn tí ó ṣẹ́gun sì pín àwòrán iṣẹ́ Jámánì láàárín ara wọn gẹ́gẹ́ bí owó ìtanràn. Àwọn ará Soviet bẹ̀rẹ̀ sí ṣe tiwọn ní Moscow ní ọdún 1946. Harley-Davidson gbé ti Amẹ́ríkà jáde fún ọdún 1948. Ní ọdún 1948 yìí kan náà ni BSA gbé Bantam jáde, òkè òkun ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń tà á sí, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ti jẹ gbèsè ogun, owó ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ń wá lójú méjèèjì. Weber kò rí i. Àwọn Soviet ti mú un lọ sí ilẹ̀ wọn, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní ọdún 1948 yẹn. N kò lè ka ọdún náà láì dánu dúró díẹ̀.

Ohun tí BSA ṣe sí àwòrán Weber dùn mọ́ mi gidigidi. Wọ́n yí i padà bí ìgbà tí ènìyàn wo dígí: ohun tí ó wà ní òsì bọ́ sí ọ̀tún, kí gíà lè wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún gẹ́gẹ́ bí ó ti mọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì lára. Àwọn ará Japan kò yí i. Nígbà tí a dá Yamaha Motor sílẹ̀ ní ọdún 1955, RT 125 ni wọ́n wò ṣe alùpùpù wọn àkọ́kọ́, YA-1, wọ́n sì fi gíà sílẹ̀ ní òsì níbi tí ó wà. Nítorí náà, nígbà tí bàbá mi bọ́ sórí Yamaha ní ọdún 1976, ẹsẹ̀ wọn tí ó ti mọ gíà ní ọ̀tún fún ọdún 22 ń tẹ búrékì nígbà tí wọ́n fẹ́ yí gíà. Wọ́n ṣubú lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kan. Ẹ̀rọ ará Japan ni gbogbo ilé wa dá lẹ́bi. Ta ni ì bá sọ fún wa pé ọmọ ìyá kan náà ni méjèèjì, àti pé ẹ̀gbọ́n ni ó kọ́ wọn sódì? (Ìjọba wa náà ti yí títì fúnra rẹ̀ sódì ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, nígbà tí a fi apá òsì sílẹ̀ bọ́ sí apá ọ̀tún. Bàbá mi kò ṣubú nígbà náà.)

Ẹni tí ó bá ti gba oríkì ìlú sílẹ̀ lẹ́nu akígbe mẹ́ta mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí yóò gbà pé tòun kọ́ ni ojúlówó, kò sì sí ẹni tí ó purọ́ nínú wọn.

Àbúrò mi tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó ń ra ohun èlò ránṣẹ́, nítorí pé Bantam ṣì pọ̀ lọ́wọ́ àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún 1971 ni wọ́n ti dẹ́kun ṣíṣe é. Òǹtàjà kan fi ohun tí a kò béèrè ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀. Lórí ọ̀dà ni èmi àti àbúrò mi ti jiyàn. Dúdú ni alùpùpù náà. Nígbà tí a fi omi ọṣẹ fọ táńkì, a rí ọ̀dà pupa rẹ́súrẹ́sú lábẹ́ dúdú, a sì rí àwọ̀ ewé fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ ti BSA lábẹ́ pupa. “Ẹ̀gbọ́n mi,” ni ó wí, “ẹ jẹ́ kí a dá a padà sí bí ó ti rí lọ́jọ́ tí ó jáde.” Mo dá a lóhùn pé lọ́jọ́ tí ó jáde, bàbá wa kò tíì mọ̀ ọ́n. Ó dákẹ́ lórí fóònù títí mo fi rò pé iná ti tán. N kò sọ pé mo borí. Ohun tí ó ń fẹ́ kò burú, ó fẹ́ rí ohun tí ojú bàbá wa rí kí wọ́n tó bí wa. A fi dúdú sílẹ̀, a sì ṣí ojú kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ lára táńkì, kí àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè hàn.

Irin ìgbẹ́sẹ̀lé ti apá òsì kò fa àríyànjiyàn kankan. Èyí tí ó bá a wá ti ṣẹ́ láyé ọjọ́hun, alágbẹ̀dẹ abúlé kan sì rọ òmíràn sí i. Ojú òòlù ṣì wà lára rẹ̀. Ó wúwo ju ti ọ̀tún lọ. Ibẹ̀ ni ó wà di òní. Ṣùgbọ́n búrékì, wáyà, táyà àti ríìngì písítìn, gbogbo wọn ni a pààrọ̀ láìsí ìjíròrò, nítorí n kò ní fi ìtàn pa ara mi. Èmi ni mo sì ṣẹ́ ríìngì tuntun àkọ́kọ́. Ṣóńṣó kékeré kan wà nínú ihò tí ríìngì ń jókòó sí, tí kì í jẹ́ kí ó yí; bí ẹnu ríìngì kò bá bọ́ sí ibi ṣóńṣó yìí kí a tó ti sílíńdà wálẹ̀, yóò kán. Mo kánjú. Bàbá wò mí, wọn kò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn lọ bu omi mu.

Ohun tí ó dá mi dúró jù wà lábẹ́ ìdérí kílọ́ọ̀ṣì. Gásíkẹ́ẹ̀tì tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kankan. Páálí ni ẹnì kan fi abẹ gé. Bí mo ti nu ọ́ìlì kúrò lára rẹ̀, lẹ́tà yọ. Ọwọ́ ìkọ̀wé bàbá mi ni. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n gé: orúkọ ọmọ mẹ́rin, tí abẹ ti gba àárín wọn kọjá, pẹ̀lú àmì pé wọ́n wá sí ilé-ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ náà. Ihò bóòtù kan gba inú ọ̀kan nínú orúkọ náà, tí ó fi jẹ́ pé “Adé” nìkan ni ó kù. Nínú gbogbo ìwé tí bàbá mi kọ láyé wọn, ìyẹn nìkan ni ó wà lọ́wọ́ wa. Òjò ti ba ìyókù jẹ́. Mo jókòó sórí àpótí fún ìgbà pípẹ́. Bí ó bá padà sí ààyè rẹ̀, ibi tí bàbá mi fi í sí ni ó wà. Bí ó bá sì wà lọ́dọ̀ mi, ó di ìwé, kì í ṣe gásíkẹ́ẹ̀tì mọ́. Bàbá ni wọ́n dá ẹjọ́ náà, nítorí páálí ti gbẹ, ó ti sán ní ibi mẹ́ta, kò lè di ọ́ìlì mú mọ́. Ó wà nínú yàrá ìwé mi báyìí, láàárín gíláàsì méjì. Èmi fúnra mi ni mo gé òmíràn, mo sì fi èèpo ìwé ìdánwò tí ó ti pé ọjọ́ ṣe é.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, a po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù, mo sì ta ẹsẹ̀ sí i. Ní ìgbà kẹsàn-án ni ó dáhùn. Èéfín aláwọ̀ aró bo ẹ̀yìnkùlé, òórùn rẹ̀ sì ni òórùn aṣọ bàbá mi ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fi ìka kan ìdérí kílọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì gbé ìka náà sókè kí n lè rí i.

“Ó ń jò, Ọ̀jọ̀gbọ́n,” ni wọ́n wí. “Páálí tiyín kò ki tó ti bàbá yín.”