Àrokò, Lẹ́tà àti Kọ́kọ́rọ́: Ìrìn Ọ̀rọ̀ Àṣírí Nílẹ̀ Ẹ̀gbá

Ní ọdún 1885, Charles Andrew Gollmer gbé àpilẹ̀kọ kan jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lórí àrokò, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí a fi nǹkan rán dípò ẹnu. Míṣọ́nnárì ọmọ Jámánì ni, òun pẹ̀lú Henry Townsend àti Samuel Ajayi Crowther ni wọ́n jọ gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1845. Nínú ohun tó kó jọ, àrokò kan wà tó ṣì ń dunni: Yorùbá kan tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Dahomey ló pa á ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀. Òkúta, èédú, ata, àgbàdo yíyan àti àkísà ló dì pọ̀. Ó ní ara òun ṣì le bí òkúta, ṣùgbọ́n ọjọ́ iwájú òun dúdú bí èédú. Ọkàn òun ń ta bí ata. Ìyà ti mú òun gbẹ bí àgbàdo tó rí iná. Aṣọ ọrùn òun sì ti gbó di àkísà.

Ará Abẹ́òkúta mọ Dahomey dáadáa. Lóṣù Kẹta 1851, àti lóṣù Kẹta 1864, ọmọ ogun Dahomey kọlu odi Abẹ́òkúta, Ẹ̀gbá sì lé wọn padà.

Nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, àrokò wúlò nítorí pé ẹni tó rù ú lè má mọ ohun tó wí. Owó ẹyọ mẹ́fà ń sọ pé mo fà ọ́ mọ́ra. Mẹ́jọ ń sọ pé ọ̀rọ̀ wa jọra. Ọ̀tá tí kò gbọ́ Yorùbá lè kà á títí, owó lásán ni yóò rí. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí a pàrokò sí kò bá mọ àdéhùn náà, òun náà kò ní rí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Townsend bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn rẹ̀, Ìwé Ìròhìn, l'Abẹ́òkúta ní 1859. Bí ìmọ̀ ìwé ti ń tàn, lẹ́tà gba ipò àrokò, ó yá, ó sì gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀wé tó já a gbà lọ́nà lè kà á tán.

Àléébù yìí gan-an ló bá kọ̀ǹpútà. FTP, ọ̀nà àtijọ́ tí kọ̀ǹpútà fi ń ránṣẹ́ fáìlì síra wọn, ń gbé fáìlì àti password lọ ní gbangba. Lẹ́yìn tí ẹnì kan jí password lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yunifásítì Tatu Ylönen ní Finland, Ylönen kọ SSH ní 1995, ètò tó ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ bó ti ń lọ lójú ọ̀nà. Lórí rẹ̀ ni SFTP dúró, èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ ń lò láti gbé fáìlì lóru láàárín server Windows àti UNIX, láìsí ènìyàn nídìí rẹ̀.

Bí iṣẹ́ òru bá dúró, olè kọ́ ló sábà máa ń fà á. Server méjèèjì ni kò dá ara wọn mọ̀ mọ́. Wọ́n ti tún server kan tò, kọ́kọ́rọ́ ìdánimọ̀ rẹ̀ yí padà, èkejì sì kọ̀ láti bá a sọ̀rọ̀. Kò sì sí ẹni tó jókòó síbẹ̀ láti yẹ kọ́kọ́rọ́ tuntun náà wò. Tàbí kí UNIX má gba kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń wọlé nítorí pé ẹlòmíràn láṣẹ láti kọ nǹkan sínú àpò tí kọ́kọ́rọ́ náà wà. Èyí tó ń tan àwọn òṣìṣẹ́ jẹ jù ni fáìlì tó dé ní pípé tí kò sì ṣeé lò: Windows ń fi àmì méjì parí ìlà, UNIX ń fi ọ̀kan. SFTP kì í sábà yí i padà fúnra rẹ̀. Ẹni tó ṣètò iṣẹ́ náà ló gbọ́dọ̀ yọ àmì tó lé kí ètò tó ń dúró de fáìlì náà tó kà á.