Ọjọ́ tí òkun wọ ilé-ìwé

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ní ilé-ìwé, àti ẹ̀yin tí ọmọ-ọmọ yín ń lọ síbẹ̀, ìtàn tí ẹ fẹ́ kà yìí kì í ṣe àlọ́. Ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Jàpáànì, ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2011. Jàpáànì jìnnà sí wa púpọ̀. Ó wà ní ìlà-oòrùn ayé, òkun sì yí i ká. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń kà á lọ, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ òbí, olùkọ́ àti ọmọ ni, irú èyí tí àwa náà ń sọ nígbà tí wọ́n bá pe àwọn òbí sí ìpàdé ní ilé-ìwé.

Ní Jàpáànì, ilẹ̀ máa ń mì. Nígbà mìíràn ó mì díẹ̀, àwo á kàn dún lórí tábìlì. Nígbà mìíràn ó mì tìtì, ilé á wó. Bí ilẹ̀ bá sì mì tìtì lábẹ́ òkun, omi á ru sókè, á wá sí etíkun bí ògiri. Àwọn ará Jàpáànì ń pè é ní tsunami. Ẹ má ṣe fi wé omi Wémè tí ó máa ń kún. Omi odò ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ènìyàn ń rí àyè kó ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi. Tsunami kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn tí ilẹ̀ mì, ó lè ti dé. Á gbé ilé, á gbé mọ́tò, á gbé igi, gbogbo rẹ̀ á máa bọ̀ pọ̀.

Apá etíkun kan wà ní àríwá ilẹ̀ náà tí wọ́n ń pè ní Sanriku. Níbẹ̀ ni tsunami ti pa ènìyàn bí 22 000 ní ọdún 1896. Ní ọdún 1933 ó tún padà wá, ó pa bí 3 000. Àwọn tí ó ṣẹ́kù gbé òkúta kalẹ̀ ní ọ̀pọ̀ abúlé, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ sí i lára fún àwọn ọmọ tí a kò tíì bí. Ní abúlé kan tí ń jẹ́ Aneyoshi, ohun tí wọ́n kọ ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ́lé sí ìsàlẹ̀ ibi tí òkúta náà wà. Àwọn ará Aneyoshi gbọ́. Ní ọdún 2011, omi gòkè títí, kò dé ìdí òkúta náà. Ẹ rí i, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé: òkúta yẹn, ìwé ni.

Wọ́n tún ní ọ̀rọ̀ kan ní Sanriku: tendenko. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí tsunami bá ń bọ̀, kí oníkálukú sá tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà le létí. Ìyá wo ni yóò sá tí kò ní kọ́kọ́ wá ọmọ rẹ̀? Ṣùgbọ́n àwọn tí ó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ti rí ohun tí ojú ń rí. Ìyá sáré padà wá ọmọ, ọmọ sáré padà wá ìyá, omi kó àwọn méjèèjì. Nítorí náà, tendenko kì í ṣe ọ̀rọ̀ aláìnífẹ̀ẹ́. Ó ń fẹ́ kí ìdílé ti jókòó ṣáájú, kí wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan. Ìyá á mọ̀ dájú pé ọmọ òun ti sá, ọmọ á mọ̀ dájú pé ìyá òun ti sá, wọ́n á wá pàdé lórí òkè.

Ìlú kan wà ní Sanriku tí ń jẹ́ Kamaishi. Fún ọdún mélòó kan ṣáájú 2011, olùkọ́ yunifásítì kan, Katada Toshitaka, ń wá síbẹ̀ láti kọ́ àwọn ènìyàn nípa tsunami. Àwọn àgbà kò kà á sí. Àwọn díẹ̀ kan náà ló ń wá sí ìpàdé rẹ̀ nígbà gbogbo. Ni ó bá yíjú sí ilé-ìwé. Òun àti àwọn olùkọ́ ìlú náà mú ọ̀rọ̀ tsunami wọ inú ẹ̀kọ́ ojoojúmọ́. Nínú ìṣirò, àwọn ọmọ ń ṣírò bí omi ṣe ń yára tó. Wọ́n ń ya ọ̀nà tí wọ́n ń gbà láti ilé dé ilé-ìwé, wọ́n sì ń sàmì sí ibi gíga tí wọ́n lè sá sí. Ó ní kí wọ́n délé sọ fún ìyá wọn pé: èmi á sá, ẹ má wá mi wá, kí ẹ̀yin náà sá.

Ohun mẹ́ta ni ó tún ń tẹnu mọ́. Má gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí wọ́n ti rò sílẹ̀. Sa gbogbo ipá rẹ. Ìwọ ni kí o kọ́kọ́ sá, kí àwọn yòókù lè tẹ̀ lé ọ.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí èkíní. Ìjọba ti ya àwòrán ilẹ̀ kan tí ó ń fi ibi tí omi lè dé hàn. Bí ilé rẹ bá wà nínú ibi tí wọ́n kùn, o wà nínú ewu. Bí ó bá wà lóde rẹ̀, àwọn ènìyàn ń sọ pé ìbùkún ni. Ní àdúgbò Unosumai ní Kamaishi, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan àti kọ́lẹ́ẹ̀jì kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, àwọn méjèèjì wà lóde ibi tí wọ́n kùn. Katada sọ fún àwọn ọmọ pé ènìyàn ló ya àwòrán náà. Ohun tí òkun ṣe látijọ́ ni wọ́n fi yà á. Òkun kò bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn pé òun kò ní ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta, ní agogo 2 ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú 46, ilẹ̀ mì. Ó mì pẹ́, ó sì le gan-an. Iná mànàmáná kú, wọn kò rí ẹ̀rọ fi kéde fún àwọn ọmọ. Àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì kò dúró de ìkéde. Wọ́n bọ́ síta, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti gun òkè ilé wọn, sí àjà kẹta. Ṣùgbọ́n wọ́n rí àwọn ẹ̀gbọ́n wọn tí ń sáré lọ. Àwọn ilé-ìwé méjèèjì ti jọ dánra wò rí, nítorí náà wọ́n mọ ohun tí eré náà túmọ̀ sí. Wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n tẹ̀ lé wọn.

Wọ́n dé ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan, ibẹ̀ ni wọ́n ti yàn tẹ́lẹ̀ pé àwọn á dúró. Ìyá àgbà kan níbẹ̀ wo ẹ̀yìn ilé, ó rí i pé òkè ń wó lulẹ̀, ó ní òun kò rí irú èyí rí. Wọn kò jiyàn. Wọ́n tún sáré lọ sí ibi tí ó ga jù bẹ́ẹ̀. Ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ̀ọ̀kan ń fa ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn mìíràn ń ti kẹ̀kẹ́ tí wọ́n kó àwọn ọmọ kéékèèké sí. Bí wọ́n ṣe dé òkè, wọ́n wẹ̀yìn, omi ti bo ilé-ìwé wọn. Nígbà tí omi fà, mọ́tò kan ni wọ́n bá tí ó há sí àjà kẹta ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ náà ti kọ́kọ́ dúró. Wọ́n lé ní 500, àwọn ọmọ tí ó sáré lọ́jọ́ náà. Gbogbo wọn yè.

Ènìyàn tí ó lé ní 1 000 ni ó kú tàbí tí wọ́n kò rí mọ́ ní Kamaishi. Nínú àwọn ọmọ ilé-ìwé ìlú náà tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3 000, ọmọ 5 ló kú, àwọn tí wọn kò sí lọ́wọ́ olùkọ́ ní wákàtí náà. Àwọn oníwèé-ìròyìn pè é ní iṣẹ́ ìyanu. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ náà kò fẹ́ orúkọ yẹn. Wọ́n ní ohun tí àwọn kọ́ ni àwọn ṣe. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Àdúgbò kan náà yẹn ní ilé kan tí wọ́n kọ́ fún ọ̀rọ̀ ewu, àwọn àgbà sì ti máa ń lo ilé náà fún ìdánrawò nítorí pé kò jìnnà. Kì í ṣe ibi tí wọ́n yàn fún tsunami. Lọ́jọ́ náà, ibi tí ẹsẹ̀ wọn ti mọ̀ ni wọ́n sá lọ. Àwọn tí ó kú níbẹ̀ lé ní 100. Ẹni tí ó bá dánra wò sí ibi tí kò dára, ibẹ̀ náà ni yóò sá sí.

Ní ìlú Ofunato, ohun tí ó gba àwọn ọmọ là jẹ́ afárá kékeré kan. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Okirai wà létí òkun, òkè wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ní láti sọ̀kalẹ̀ kí wọ́n tó lè yí lọ sí òkè náà. Ọkùnrin kan nínú ìgbìmọ̀ ìlú ń sọ ọ́ lọ́dọọdún pé kí wọ́n so àjà kejì ilé náà mọ́ ọ̀nà tí ó wà lórí òkè. Wọ́n parí afárá náà ní oṣù kejìlá ọdún 2010. Owó rẹ̀ jẹ́ bí yen mílíọ̀nù 4, èyí kò pọ̀ fún ìlú kan ní Jàpáànì. Oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ gba orí rẹ̀ kọjá. Ọkùnrin náà kò rí i. Ó ti kú ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú.

Ó kù ilé-ìwé Okawa. Òun ni mo rò jù nígbà tí mò ń kọ ìtàn yìí.

Okawa wà ní ìlú Ishinomaki, létí odò Kitakami, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 4 sí òkun. Òun náà wà lóde ibi tí wọ́n kùn lórí àwòrán ilẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ti Unosumai. Kódà, òun ni ìlú yàn pé kí àwọn ará abúlé wá sá sí. Òkè kan wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Àwọn ọmọ máa ń gùn ún, wọ́n ti gbin olú sórí rẹ̀ rí nínú ẹ̀kọ́ wọn.

Nígbà tí ilẹ̀ mì, àwọn olùkọ́ kó gbogbo ọmọ jáde sí pápá ilé-ìwé, ẹnikẹ́ni kò fara pa. Títí dé ibí yìí, wọ́n ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n níbo ni kí wọ́n gbà lọ? Ìwé ìlànà ilé-ìwé náà kàn sọ pé kí wọ́n lọ sí ilẹ̀ òfìfo tàbí ibi ìṣeré tí ó wà nítòsí. Kò dárúkọ ibì kankan, kò sì sí irú ibẹ̀ tí ó dára fún tsunami nítòsí. Ọ̀gá ilé-ìwé kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn ọmọ kan ní kí àwọn gun òkè. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé òkè lè wó, igi lè ṣubú. Àwọn ará abúlé ti dé, àwọn kan nínú wọn ní omi kò dé ibẹ̀ rí. Àwọn òbí ń wá mú ọmọ wọn lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ ìlú kọjá, ó ń fi ẹ̀rọ kéde pé òkun ti ń bọ̀. Òtútù ń mú. Wọ́n ń jiròrò.

Bí ìṣẹ́jú 50 ni wọ́n fi dúró lórí pápá náà.

Nígbà tí wọ́n gbéra, òkè kọ́ ni wọ́n kọrí sí. Wọ́n kọrí sí ìdí afárá odò, nítorí pé ibẹ̀ fi díẹ̀ ga. Omi ti gba inú odò wá, ó pàdé wọn lójú ọ̀nà. Nínú ọmọ 108 tí orúkọ wọn wà ní ilé-ìwé náà, 74 ló kú tàbí tí a kò rí mọ́. Nínú òṣìṣẹ́ ilé-ìwé 11 tí ó wà níbẹ̀, 10 kú. Àwọn olùkọ́ wọ̀nyẹn kò sá fi ọmọ sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí a sọ ìyẹn fún wọn.

Àwọn òbí bèèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ìdáhùn tí wọ́n ń rí kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Ní ọdún 2014, àwọn òbí ọmọ 23 pe ìlú àti ìpínlẹ̀ lẹ́jọ́. Àwọn aládùúgbò kan kò fẹ́ràn ẹjọ́ náà, wọ́n ní owó ni wọ́n ń wá. Ní 2016, ilé-ẹjọ́ àkọ́kọ́ dá wọn láre: ó ní àwọn olùkọ́ ti gbọ́ ìkéde, ó yẹ kí wọ́n ti gun òkè. Ṣùgbọ́n ní 2018, ilé-ẹjọ́ gíga ní Sendai gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò lórí ọjọ́ yẹn. Ó ní àṣìṣe náà ti wà kí ilẹ̀ tó mì. Ó ní ilé-ìwé wà létí odò, ó yẹ kí ọ̀gá ilé-ìwé àti àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ ti yẹ àwòrán ilẹ̀ náà wò, kí wọ́n má gbà á bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì ti kọ orúkọ ibi tí àwọn ọmọ yóò sá sí àti ọ̀nà tí wọ́n yóò gbà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Jàpáànì fi ọwọ́ sí ìdájọ́ náà. Owó tí wọ́n ní kí wọ́n san jẹ́ bí yen mílíọ̀nù 1 430.

Láti ìgbà náà, ilé-ìwé tí ìwé ìlànà rẹ̀ kò dárúkọ ibi ààbò kò lè sọ ní Jàpáànì pé òun kò mọ̀.

Ilé-ìwé Okawa kò ní ọmọ mọ́, wọ́n ti í ní 2018. Àwọn kan fẹ́ kí wọ́n wó o, nítorí pé ojú wọn kò gbà á. Àwọn kan fẹ́ kí ó dúró, àwọn tí ó kàwé níbẹ̀ tí wọ́n sì yè wà lára wọn. Ìlú dá a sí. Láti 2021, àlejò lè lọ wò ó. Àwọn òbí kan tí ọmọ wọn kú níbẹ̀ ni wọ́n máa ń mú àlejò káàkiri. Wọ́n á fi pápá hàn wọ́n, wọ́n á sọ iye ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà wọ́n á kó wọn lọ sí ẹ̀yìn ilé, wọ́n á jọ fi ẹsẹ̀ gun òkè náà. Kì í pẹ́ kí wọ́n tó dé òkè.