Alángbá Kọ́ Ló Bí Ewúrẹ́

Ẹ bi ọmọ iléèwé girama kan léèrè ní Port Harcourt, tàbí ní Ìbàdàn, pé níbo ni àwọn ẹranko afọ́mọlọ́mú ti ṣẹ̀ wá. Ìdáhùn kan náà ni ẹ máa gbọ́: ẹja di ọ̀pọ̀lọ́, ọ̀pọ̀lọ́ di alángbá, alángbá di eku, ó wá kan ewúrẹ́ àti èèyàn. Ó ti há a sórí. Olùkọ́ rẹ̀ náà há a sórí nígbà tiẹ̀. N kò bá wọn jà lórí ẹja o. Ẹja wà nínú àwọn baba ńlá wa lóòótọ́. Ibi alángbá yẹn ni mo ti yarí, nítorí kò sí alángbá kankan nínú ìran tó bí wa, kò sì sí ejò tàbí ọ̀nì níbẹ̀. Eegun orí ni ẹlẹ́rìí mi.

Ní nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún lọ́nà 320 sẹ́yìn, àwọn ẹranko kéékèèké kan wà tí wọ́n ti lè yé ẹyin sórí ilẹ̀ gbígbẹ láìjẹ́ pé wọ́n padà sínú omi. Ìran wọn pín sí méjì. Apá kan ló bí alángbá, ejò, ahun, ọ̀nì àti ẹyẹ. Apá kejì ló bí àwa, àti ewúrẹ́, àdán, erin. Lọ́jọ́ tí wọ́n pínyà, alángbá kò tíì dáyé, ewúrẹ́ kò tíì dáyé. Bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni ìran méjèèjì rí, ẹ̀gbọ́n kì í sì í bí àbúrò.

Ẹ fi ìka kan ẹ̀bátí yín, kí ẹ wá di eyín pọ̀ dáadáa. Ohun tó ń wú lábẹ́ ìka yẹn ni iṣan tó ń gbé àgbọ̀n ìsàlẹ̀ sókè. Ihò kan tó wà lẹ́yìn ojú ló fún iṣan náà láyè, ihò yẹn ni a sì fi ń dá ìran wa mọ̀: ẹyọ kan péré ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan orí. Méjì ni ti ọ̀nì. Ní ọdún 1972, Robert Reisz ṣàpèjúwe Archaeothyris, ẹranko kan tí eegun rẹ̀ ti di òkúta ní Nova Scotia, ní Kánádà. Ó ti lé ní mílíọ̀nù ọdún lọ́nà 300, ihò kan yẹn sì ti wà lórí rẹ̀. Ihò kan yẹn náà ni Dimetrodon ní, ẹranko tó ní abẹ̀bẹ̀ gàgàrà lẹ́yìn, tí àwọn oníṣòwò ń kó mọ́ dáínósọ̀ nínú ohun ìṣeré ọmọdé. Kì í ṣe dáínósọ̀ rárá. Ìbátan wa ni, ó sì ti kú run ní nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún lọ́nà 40 kí dáínósọ̀ àkọ́kọ́ tó dé.

Àwọn ará ilé wa pàápàá lè jẹ́rìí sí i. Ní àríwá orílẹ̀-èdè Niger, nítòsí Arlit tí wọ́n ti ń wa yuréníọ̀mù, òkúta pupa kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Moradi, tó ti lé ní mílíọ̀nù ọdún lọ́nà 250. Níbẹ̀ ni Christian Sidor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí Bunostegos, tí wọ́n sọ lórúkọ ní ọdún 2003: ẹranko afàyàfà tó tó màlúù, tí kókó ńláńlá yọ káàkiri agbárí rẹ̀. Ní ọdún 2008, Sidor, Oumarou Ide àti àwọn mìíràn kéde pé àwọn ti rí ẹ̀rí gorgonopsian nínú òkúta kan náà. Apẹranjẹ ni gorgonopsian, eyín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ a máa gùn jáde, ìran tiwa ló sì ti wá. Ìran méjèèjì jọ ń rìn lórí ilẹ̀ kan náà, lásìkò kan náà.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sí ọjà tí gbogbo ará Port Harcourt ń pè ní Slaughter, ní Trans-Amadi, níbi tí àwọn tó ń se isi ewu ti lè ra orí ewúrẹ́. Wọ́n á wì í nínú iná, wọ́n á fi ọ̀bẹ fá a, wọ́n á wá fi àáké là á. Ẹ wo iwájú ẹnu lókè: kò sí eyín níbẹ̀, erìgì líle lásán ni koríko ń bá pàdé. Ẹ wá gbé àgbọ̀n ìsàlẹ̀, kí ẹ yọ ẹran ara rẹ̀ kúrò. Eegun kan ṣoṣo ni lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí àgbọ̀n awọ́nríwọ́n, ọ̀pọ̀ eegun tí wọ́n so pọ̀ mọ́ra ni ẹ máa bá lápá kọ̀ọ̀kan, oríkèé rẹ̀ sì wà lára àwọn eegun ẹ̀yìn tí ti ewúrẹ́ kò ní.

Níbo ni wọ́n lọ? Inú etí ni. Eegun tíntìntín mẹ́ta ló wà nínú etí ewúrẹ́ kọ̀ọ̀kan, bíi tiwa. Ẹyọ kan ni alángbá ní. Karl Reichert, ọmọ Jámánì, yẹ ọlẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ wò ní ọdún 1837, ó sì rí i pé ìdí àgbọ̀n ni méjì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń hù, níbi tí oríkèé ti alángbá wà gẹ́lẹ́. Àwọn kan á ní, báwo ni ẹranko ṣe máa pààrọ̀ oríkèé ẹnu tí ebi kò ní pa á? Òkúta ti dáhùn. Morganucodon, tí wọ́n hú ní Wales, ní oríkèé méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ti àtijọ́ àti tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Diarthrognathus ti Gúúsù Áfríkà, tí A. W. Crompton sọ lórúkọ ní ọdún 1958, náà ní méjèèjì. Tuntun ti ń ṣiṣẹ́ kí ti àtijọ́ tó fi ẹnu sílẹ̀.

Mo mọ ohun tí wọ́n máa fi dá mi lóhùn: àwọn baba ńlá wa yẹn jọ alángbá, wọ́n sì ń yé ẹyin. Bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ ìrísí kì í ṣe ìran. Ìrísí ló mú kí àwọn onímọ̀ àtijọ́ fúnra wọn kó àwọn baba ńlá yẹn sínú agbo afàyàfà, tí ìwé kan sì ń da àṣìṣe náà kọ láti inú ìwé mìíràn.

Àṣìṣe míì tún tẹ̀ lé e, pé ṣe ni eegun orí wa ń dín kù kí orí lè le sí i, kí ẹnu sì lè gé nǹkan dáadáa. Ní ọdún 2023, Stephan Lautenschlager ti Yunifásítì Birmingham àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi kọ̀ǹpútà dán agbárí àwọn ẹranko àtijọ́ wọ̀nyí wò. Wọn kò rí agbára kankan tó pọ̀ sí i. Ọ̀nà tí wàhálà jíjẹun ń gbà lára agbárí ló yí padà, lásìkò tí àwọn ẹranko náà ń kéré sí i, tí wọ́n ń jẹ kòkòrò.

Ẹ̀yin olùkọ́ báyọ́lọ́jì, mo bẹ̀ yín, ẹ ra àgbọ̀n ewúrẹ́ kan, kí ẹ wá fi ti awọ́nríwọ́n kan kún un, kí ẹ kó méjèèjì wá sí kíláàsì. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ka eegun inú wọn fúnra wọn kí wọ́n tó kọ ìdáhùn sínú ìdánwò.